Ìró Àdá Nínú Odò Agbedó

Ọkùnrin kan dúró lórí omi. Kò sí ọkọ̀ lábẹ́ rẹ̀, kò sí afárá, síbẹ̀ omi Agbedó kò ju ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, níbi tí gbogbo ará Avlọ̀jí mọ̀ pé ó jìn. Kùrukùru ọyẹ́ ti bo ìdajì ara rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ki ọwọ́ sínú omi bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọnù, ó nàró, ó sún síwájú díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀.

Abláwá, tó jí wá ha erùpẹ̀ oníyọ̀ létí odò, dúró gbagidi. Apẹ̀rẹ̀ wà lórí rẹ̀, ìkarahun tó fi ń ha ilẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ló kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Lẹ́yìn náà ló ronú pé kóun sá. Ṣùgbọ́n ọmọ oníyọ̀ ni, àwa oníyọ̀ kì í sì í sá fún òkú, iyọ̀ la fi ń lé wọn. Ó tú etí aṣọ rẹ̀ níbi tí obìnrin Avlọ̀jí kì í ṣàìdi iyọ̀ díẹ̀ mọ́, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó sáré dé etí omi, ó sì dà á lu ọkùnrin náà lójú.

Òkú náà sín.

Ó sín lẹ́ẹ̀kan sí i, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó ní, "Arábìnrin, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn lábúlé yín nìyí?"

"Òkú kì í sín," ni Abláwá wí.

"Mo dúpẹ́ pé ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú ń ta mí."

"Kí lo dúró lé?"

"Kùkùté. Igi ẹ̀gbà tí àwọn bàbá yín gé." Ó fi ẹsẹ̀ lu nǹkan kan lábẹ́ omi, ó dún gbì. "Omi ti fà. Mò ń gbin òmíràn sáàárín wọn kí omi tó padà dé." Ó gbé àpò kan sókè, ó fi ohun tó wà nínú rẹ̀ hàn án, èso ẹ̀gbà tútù, tó gùn tó sì tẹ́ẹ́rẹ́.

"Wọ́n dà bí ìka."

"Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n gbọ́. Sẹ̀jró lorúkọ mi. Ará Hẹ̀njí ni mí, òdìkejì ọ̀sà."

"Hẹ̀njí? Níbi tí àwọn ọkùnrin ti ń se ọbẹ̀?"

"Níbi tá a ti ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ ni. A kì í dà á sójú àlejò."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Abláwá kó tó mọ̀. Ẹ̀rín náà ò tíì tán tí ìró kan fi dé láti inú lọ́hùn-ún, níbi tí ìyókù igi ẹ̀gbà ti ṣù dúdú nínú kùrukùru: gọ́, gọ́, gọ́. Ìró àdá lára igi ni. Ojú ọmọbìnrin náà yí padà.

"Ta nìyẹn?" Sẹ̀jró béèrè. "Wọ́n ti ní kẹ́nikẹ́ni má gégi níbẹ̀ mọ́."

"Má lọ wò ó. Jọ̀ọ́, má lọ."

"Ta ni?"

"Bàbá mi ni," ni Abláwá wí, ó sì yíjú sílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí fún yín. Nígbà kan, igi ẹ̀gbà ló bo Agbedó látẹnu dédìí, àwọn igi tó ń fi gbòngbò nàró lórí omi bí arúgbó tó ká aṣọ sókè kó má baà tutù. Òun la fi ń dáná iyọ̀. À ń gé, à ń sè, à ń tà, títí ọjọ́ tá a gbójú sókè tá a sì rí òkun láti ẹnu ọ̀nà ilé wa, ohun tí àwọn bàbá wa kò rí rí. Akàn lọ, edé lọ. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ tá a sin òkú sí. Bó bá fà láàárọ̀, a ó bá egungun èèyàn lórí iyanrìn, a ò sì ní mọ ẹni tó ni ín.

Ìjọba rán àwọn kan wá ri pátákó ìkìlọ̀ mọ́lẹ̀. A fi pátákó náà dáná, ó sì jó dáadáa. Ìgbà tọ́rọ̀ burú tán làwọn àgbà Avlọ̀jí àti ti Hẹ̀njí tó lọ bá Zangbeto, olùṣọ́ òru tí òfin ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá ti rí Zangbeto kò nílò àlàyé mi. Ẹni tí kò rí i, kó fojú inú wo òrùlé koríko tó sọ̀ kalẹ̀ látorí ilé, tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn, tó ń pòòyì, tó sì ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ohùn tí kò tọ̀fun èèyàn jáde. Kò sí ẹnì kankan nínú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé e ṣubú lójú agbo, òfìfo lẹ ó bá. Obìnrin tó bá ní èèyàn wà níbẹ̀, a kì í dúró gbọ́ kó tún un sọ.

Zangbeto fi màrìwò gbígbẹ dí ẹnu Agbedó. Láti ọjọ́ náà, àdá kò gbọdọ̀ kọjá màrìwò. Ẹni tó bá rú òfin, odò di èèwọ̀ fún un, iná iyọ̀ di èèwọ̀ fún un, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ kí i mọ́. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin mu omi búra láti máa ṣọ́ odò, kí wọ́n sì máa gbin igi padà. Ìbúra náà kò gùn: ohun tí ojú wọn bá rí, ẹnu wọn gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Sẹ̀jró wà lára àwọn tó mu ún.

Bàbá Abláwá, Kpadónù, kò bá òfin yìí. Òun ló láriwo jù lọ ní Avlọ̀jí. Bó bá ń bọ̀ láàárín ọ̀sà, igbe rẹ̀ á ti jí àwọn ọmọdé sílẹ̀. Ní ọdún tó ṣáájú òfin, ó wa ọkọ̀ wọ Agbedó lọ gégi. Ọkọ̀ padà wá fúnra rẹ̀ lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Igi wà nínú rẹ̀, a tò ó létòlétò, a sì fi okùn dì í pinpin. Kpadónù nìkan ni kò sí níbẹ̀. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí eékánná rẹ̀. Láti ìgbà náà ni ìró àdá ti ń dún nínú Agbedó lójoojúmọ́, kò sì sọ́kùnrin Avlọ̀jí tó fẹ́ lọ wo ohun tó ń dún.

Èyí tó burú fún Abláwá ni pé lọ́dọ̀ wa, bàbá ló ń fọmọ fọ́kọ. Bí bàbá bá ti kú, wọn a kúnlẹ̀ lẹ́bàá ibojì rẹ̀, wọn a ta ọtí sílẹ̀, wọn a dárúkọ ọkọ ìyàwó fún un. Èyí tí kò ní ibojì ńkọ́? Wọ́n ti gbìyànjú ẹ̀ rí nílé kan ní ìsàlẹ̀ abúlé wa. Bàbá ọmọ náà sọnù sókun, wọ́n sì fọmọ fọ́kọ láìsọ fún un. Láràárọ̀ ni ìyàwó ń bá ojú ẹsẹ̀ tútù láti ẹnu ilẹ̀kùn dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ó padà sílé ìyá rẹ̀, kò sì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́ títí di òní. Nítorí náà, àwọn ọkùnrin máa ń wo Abláwá, wọ́n á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á kọjá.

Sẹ̀jró ò kọjá. Bó bá ti gbingi tán, á di èèpo àgbọn kún ọkọ̀, á gbé e wá sí ahéré tí Abláwá àti ìyá rẹ̀ ti ń se iyọ̀. Èèpo àgbọn làwọn ìyá ìyá wa fi ń se iyọ̀ láyé àtijọ́. Wọ́n ní igi tó ṣì dúró kì í se iyọ̀ tó dùn. Àwa la gbàgbé. Nígbà tí Zangbeto wá dí odò, a rántí tipátipá.

"Èéfín rẹ̀ pọ̀," ni ìyá Abláwá máa ń wí. Hùnsì lorúkọ rẹ̀, obìnrin gbígbẹ tí kì í rẹ́rìn-ín. Á gba èèpo, kò ní dúpẹ́, á wọlé.

"Ìyá ẹ fẹ́ràn mi," Sẹ̀jró á wí.

"Ó fẹ́ràn ẹ gan-an. Àná, ó pè ẹ́ ní 'ọmọ yẹn'."

"Kí ló ń pè mí tẹ́lẹ̀?"

"'Nǹkan yẹn'."

Wọ́n á wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, omi iyọ̀ á máa hó. Abláwá á bu iyọ̀ gbígbóná lé àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, Sẹ̀jró á tọ́ ọ wò, á ní iyọ̀ òní dùn ju tàná lọ, Abláwá á ní iyọ̀ kan náà ni. Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára bí omi ọ̀sà ṣe ń kún, tí èèyàn ò ní mọ̀ títí tí yóò fi dé orúnkún. Ọjọ́ tí Abláwá mọ̀ ni ọjọ́ tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ dí Sẹ̀jró lọ́nà, tí kò wá, tí Abláwá sì jẹ́ kí iyọ̀ jóná.

"Fẹ́ mi," Sẹ̀jró sọ fún un lọ́jọ́ kejì, kò tiẹ̀ tíì sọ ẹrù kalẹ̀.

Inú Abláwá dùn débi tó fi bínú. "Ta lo fẹ́ tọrọ mi lọ́wọ́ ẹ̀? Bàbá mi ò sí nílé, kò sì sí níbojì."

"N ó wá a rí."

"Ọ̀pọ̀ ló ti wá a."

"Wọ́n wá òkú Avlọ̀jí. Èmi, àna mi ni mò ń wá."

"O ò bẹ̀rù?"

"Ẹ̀rù ń bà mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá padà sí Hẹ̀njí láìmú ẹ dání, ẹ̀rù tí yóò bà mí ju èyí lọ."

Abláwá fi etí aṣọ rẹ̀ nu eérú tó wà lójú ọkùnrin náà, ọwọ́ rẹ̀ sì pẹ́ níbẹ̀.

Báyìí ni Sẹ̀jró ṣe wọ inú Agbedó lọ, sí àárín igi ẹ̀gbà tó ṣẹ́kù, níbi tí àwọn olùṣọ́ Avlọ̀jí kì í dé. Ohun tó kọ́kọ́ rí ni kùkùté. Kùkùté tuntun ni, omi igi ṣì ń jáde lára rẹ̀, pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ó rí òmíràn, ó tún rí òmíràn. Ó wá gbọ́ ìró náà níwájú rẹ̀ gan-an: gọ́, gọ́, gọ́. Ó rántí ohun tó búra, ó di ẹ̀ka mú, ó ń fi ẹsẹ̀ tọ́ gbòngbò wò lọ títí kùrukùru fi là díẹ̀.

Hùnsì ló rí. Ìyá Abláwá wà nínú omi dé ìbàdí, àdá wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń gé gbòngbò lọ́kọ̀ọ̀kan, bó bá sì gé ọ̀kan tán, á ki apá sábẹ́ ẹrẹ̀, á fọwọ́ wá ibẹ̀.

"Ìyá."

Obìnrin náà kò ta gìrì. Ó wò ó lásán bí ẹni tó ti ń retí rẹ̀. "Ṣé ìwọ nìyẹn? Bá mi di ẹ̀ka yẹn mú."

"Ìyá, ẹ mọ̀ pé èèwọ̀ ni."

"Ọkọ mi ni wọ́n fi ṣe èèwọ̀. Abẹ́ igi yìí ló wà. Bí mo bá gé e tán, n ó rí i. N ó sin ín, n ó sọ fún un pé ọmọ ẹ̀ ti rí ọkọ. Àbí o ò fẹ́ ẹ ni?"

Ọ̀rọ̀ wọ Sẹ̀jró lára. "Ẹ̀yin lẹ ń gégi láràárọ̀ tí wọ́n ń pè é ní bàbá."

"Èmi ni," Hùnsì wí. Lẹ́yìn náà ó wo ẹ̀yìn rẹ̀. "Ìgbà míì, èmi ni. Ìgbà míì, màá ti dúró, màá ti nu àdá mi, ìró náà ò ní dúró."

Sẹ̀jró kò sọ fún ẹnikẹ́ni kó tó sọ fún Abláwá. Wọ́n dúró lẹ́yìn ahéré, ọmọbìnrin náà sì gbọ́ ọ láìmira. Nígbà tó parí, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Má sọ ọ́."

"Mo ti mu omi, Abláwá."

"Bí wọ́n bá fòfin dè é, ta ni yóò kí i? Kò ní gbọdọ̀ tẹ omi mọ́, kò ní gbọdọ̀ se iyọ̀. Kí ni yóò wá máa ṣe láyé? Ìyá mi nìkan ni mo ní."

"Bó bá gé ìyókù tán, abúlé méjì ló máa wọ òkun. Ilẹ̀ ibojì yín ti lọ tán. Àwọn tá a gbìn ṣì kéré, wọn ò lè dá ìgbì dúró."

"Mo mọ gbogbo ìyẹn. Ìyá mi ni mò ń sọ." Omi dà lójú rẹ̀. "Bí o bá la ẹnu ẹ, má wá sílé wa mọ́. Mo fẹ́ràn ẹ, má wá mọ́."

Sẹ̀jró lọ. Ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ dé àárín ọ̀sà, ó fi àjẹ̀ sílẹ̀, ó jókòó. Àwọn àgbà yóò pé jọ lọ́jọ́ kejì. Ó mọ̀ pé bóun bá sọ̀rọ̀, òun pàdánù obìnrin náà. Bóun ò bá sì sọ̀rọ̀, ìbúra á pa òun tàbí òkun á gbé abúlé òun lọ. Ó gbé e yẹ̀ wò títí ilẹ̀ fi ṣú, kò rí ọgbọ́n dá sí i.

Ní ọjọ́ kejì, lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, gbogbo ọkùnrin Avlọ̀jí àti ti Hẹ̀njí wà létí òkun, wọ́n ń fa àwọ̀n ńlá. Orin àwọ̀n ni à ń gbọ́ nílé. Abláwá ń ro iyọ̀ lórí iná, ìyá rẹ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ajá abúlé kan bẹ̀rẹ̀ sí í ké, ó sì dákẹ́ lójijì. Nígbà tí Abláwá gbójú sókè, Zangbeto dúró lójúde wọn.

Kò pariwo, kò pòòyì. Kò sẹ́ni tó tẹ̀ lé e. Koríko rẹ̀ tutù rinrin, omi ń ro tó tó tó lára rẹ̀ sórí iyanrìn, omi náà sì ń rùn bí ẹrẹ̀ Agbedó. Ó yíra padà díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kọjú sí Hùnsì, bí a bá lè pe ohun tó kọ sí i ní ojú. Lẹ́yìn náà ó ń lọ sí ojúde ọba. Hùnsì dìde, ó mú àdá rẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń tẹ̀ lé e láìsí ẹni tó pè é.

"Sẹ̀jró ti sọ ọ́," Abláwá wí sínú afẹ́fẹ́. Inú rẹ̀ gbẹ bí ìkòkò tí omi tán nínú rẹ̀.

Àwọn ọkùnrin ti fi àwọ̀n sílẹ̀ kí wọ́n tó dé ojúde ọba. Zàngán, àgbà tó jẹ́ olórí ilé Zangbeto, dé kẹ́yìn, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó wo koríko náà, ó wo kọ́kọ́rọ́ ilé Zangbeto tó so mọ́ ọrùn ara rẹ̀, ilé tí òun fúnra rẹ̀ tì. Àmọ́ àgbà ni, ó tún ohùn ṣe.

"Hùnsì, kí lo fi àdá yìí gé?"

"Igi ẹ̀gbà, Bàbá. Nínú Agbedó. Ọkọ mi ni mò ń wá."

Sẹ̀jró jáde láàárín àwọn ará Hẹ̀njí, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Bàbá, mo rí wọn láàárọ̀ àná. Ẹnu mi ò sọ ohun tójú mi rí. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mi ò lè sọ ọ́, torí mo fẹ́ràn ọmọ wọn. Èmi náà jẹ̀bi. Ìyà tẹ́ ẹ bá fi jẹ wọ́n, ẹ fi jẹ mí."

Abláwá gbé ọwọ́ lé ẹnu. "O ò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ta ló wá sọ ọ́?"

Àwọn ọmọ ilé Zangbeto mú koríko náà, wọ́n gbé e ṣubú bí àṣà. Òfìfo ni, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń rí. Ṣùgbọ́n akàn wéwèé, àwọn akàn dúdú orí gbòngbò tá ò rí ní Avlọ̀jí mọ́, sá jáde lábẹ́ rẹ̀, wọ́n gba àárín ẹsẹ̀ wa, gbogbo wọn sì kọrí sódò. Èmi náà wà níbẹ̀, mo sì gbé ẹsẹ̀ mi kí wọ́n lè kọjá.

Zàngán rọra fọhùn, bí ẹni ń bá ọmọ ẹ̀ wí. "Hùnsì, o gbọ́n, ṣùgbọ́n o gbàgbé. Kí ni ìyá mi àti ìyá rẹ máa ń wí? Wọ́n ní gbòngbò ẹ̀gbà kì í jẹ́ kí omi gbé nǹkan lọ. Ẹrẹ̀ ni o, ẹyin ẹja ni o, òkú ni o, ohun tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́, ó dì í mú. Níbi tá a gé e kúrò, òkun ti kó egungun àwọn bàbá wa lọ. Bí Kpadónù bá ṣì wà láyé yìí níbi kan, abẹ́ èyí tó ṣẹ́kù ló wà. Ìwọ lo sì ń tú ọwọ́ tó dì í mú."

Hùnsì jókòó sórí iyanrìn. Àdá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi igbe ta. A ò gbọ́ igbe rẹ̀ rí ṣáájú ọjọ́ náà, láti ọjọ́ tí ọkọ̀ ti padà dé láìsí Kpadónù.

Wọn ò fi odò ṣe èèwọ̀ fún un. Ìdájọ́ tí Zàngán dá ni pé kí òun àti Sẹ̀jró fi ọwọ́ ara wọn gbin igi padà sí gbogbo ibi tí àdá rẹ̀ dé, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi dúró fúnra rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ náà, Abláwá bá Sẹ̀jró létí ọkọ̀.

"Mo ní kó o má wá sílé wa mọ́."

"O sọ bẹ́ẹ̀."

"Mi ò tún sọ ọ́ mọ́."

"Ṣé kí n wá lọ́la?"

"Wá kílẹ̀ tó mọ́. N ó bá yín gbìn."

Gbogbo ọyẹ́ yẹn ni àwọn mẹ́ta fi wà nínú ẹrẹ̀. Ìyá kò kọ́kọ́ bá ọmọ Hẹ̀njí sọ̀rọ̀. Ó ṣe díẹ̀, ó ní ó ń gbìn ín lọ́bùn. Ó tún ṣe, ó ní ẹni tó bá ń gbingi báyìí, kí ló fẹ́ fi bọ́ ìyàwó. Sẹ̀jró sọ fún Abláwá pé òun ti ń gòkè, torí wọn kì í bá nǹkan lásán sọ̀rọ̀ ìyàwó.

Wọ́n ń gbìn lọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, omi fà púpọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Hùnsì ń fi èso sílẹ̀, Sẹ̀jró wà lápá ọ̀tún rẹ̀, Abláwá wà lápá òsì, kò sì sí àdá lọ́wọ́ ẹnì kankan nínú wọn. Ìró náà dún.

Gọ́, gọ́, gọ́.

Wọ́n wo ara wọn. Hùnsì ló kọ́kọ́ ṣí ẹsẹ̀, ó yọ àdá tí Zàngán gbà á láyè láti máa fi la okùn àpò, ó ń lọ sí ibi tí ìró náà ti ń wá. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e, wọ́n ń gun gbòngbò, wọ́n ń gba abẹ́ ẹ̀ka kọjá, títí wọ́n fi dé ìdí igi tó tóbi jù lọ níbẹ̀, igi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fojú rí rí. Ìró dúró.

Kpadónù jókòó sídìí igi náà. Gbòngbò ti yọ láti òkè wá, ó gba àárín egungun ìhà rẹ̀ kọjá, ó pọ̀ ọ́n léjìká, ó pọ̀ ọ́n nítan, ó dì í mú dúró ṣinṣin bí ìyá ṣe ń di ọmọ mú lórí ẹsẹ̀. Omi tó ń wá tó ń lọ láti ọdún yìí wá kò mú ìka rẹ̀ kan lọ. Òrùka idẹ tí Hùnsì fi fẹ́ ẹ ṣì wà níbẹ̀.

Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ kan orí ọkọ rẹ̀. "O pẹ́ níta," ló wí fún un.

Sẹ̀jró wo gbòngbò yípo. "Ìyá, kò ṣeé yọ. Àfi ká gé igi. Bó bá jẹ́ torí pé kẹ́ ẹ lè sin ín, n ó bẹ Zàngán. Zàngán á gbọ́."

Ohun tí Hùnsì ti ń wá láti ọjọ́ yìí wá ló wà níwájú rẹ̀. Ó gbé àdá sókè. Abláwá di ojú. Ṣùgbọ́n àdá náà kò dún. Nígbà tó lajú, ìyá rẹ̀ ti rì í mọ́ ẹrẹ̀ dé èèkù.

"Ta ló ní wọn ò tíì sin ín?" Hùnsì wí. "Ẹ wo bí wọ́n ṣe gbé e. Nínú àwọn bàbá tá a fiyanrìn bò létí ọ̀sà, ta ló ṣẹ́ kù? Ibojì rẹ̀ nìyí. Ẹni tó bá fi irin kan igi yìí, ibojì ọkọ mi ló gbẹ́."

Wọ́n ránṣẹ́ pe Zàngán àtàwọn àgbà, wọ́n sì wá kí omi tó kún. Wọ́n ta ọtí sí gbòngbò, wọ́n ṣe gbogbo ohun tí a ń ṣe fún òkú, wọ́n sì fi màrìwò tuntun yí igi náà ká. Zàngán fẹ́ kúnlẹ̀ kó dárúkọ ọkọ ìyàwó, Hùnsì ní rárá, òun ni yóò sọ ọ́.

Ó fa Abláwá mọ́ra, ó fa Sẹ̀jró mọ́ra, ó tẹ̀ wọ́n lórí ba sínú omi tó ti ń kún. "Kpadónù, ọmọ rẹ rèé. Èyí ni Sẹ̀jró, ará Hẹ̀njí. Ìṣe rẹ̀ ò tíì dá mi lójú lórí igi gbígbìn. Ṣùgbọ́n ó lè purọ́ gba ara rẹ̀ là lójúde ọba, kò purọ́. Ó lè sọ ohun tó rí kó fi mí gba oyè, kò sọ ọ́. Ó fẹ́ràn Abláwá. Abláwá fẹ́ràn rẹ̀. Ṣé o gbà?"

Gbogbo wa dúró. Omi gun itan egungun náà, ó gun ìhà rẹ̀, ó ń gun èjìká. Kò sí ẹyẹ tó ké. A tẹ́tí sí ìró àdá, a ò gbọ́ ọ. A ò sì gbọ́ ọ mọ́ láti ọjọ́ náà títí di ìsinsìnyí.

"Ó gbà," ni Hùnsì wí.

"Ìyá, báwo lẹ ṣe mọ̀?" Sẹ̀jró béèrè, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn.

"Ọkọ mi ni. Bí kò bá gbà, ẹ̀ bá gbọ́ ariwo."

Abláwá bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún, ó sì di ọkùnrin rẹ̀ mú nínú omi lójú gbogbo àgbà abúlé méjèèjì. Ìyá rẹ̀ jẹ́ kí wọ́n ṣe díẹ̀, kó tó na ọwọ́ sí wọn.

"Sẹ̀jró, ọmọ mi, gbé ọkọ̀ súnmọ́ wa," ló wí. "Otútù ti ń mú ìyàwó."